Ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ owó kí sísọ́ọ̀sì tó kan aṣọ ìyá yín

Ẹ̀yin Olóòtú wa,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú làálàá. Houston ní ìpínlẹ̀ Texas ni mo wà, orí fóònù ni mo ti ń ka ìwé ìròyìn yín, àwa tá à ń kà á níbí sì pọ̀. Mi ò kọ lẹ́tà sí ìwé ìròyìn rí láyé mi, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan ti wà nínú mi ó ti pẹ́, ọ̀rọ̀ èmi àtàwọn kọ́sítómà mi ni, ó kan àwọn tó ń fi aṣọ ránṣẹ́ láti ilé, ó sì kan gbogbo ẹni tó ń fi ọwọ́ ara ẹ̀ rán nǹkan fún èèyàn, torí náà ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi tẹ̀ ẹ́ jáde.

Aṣọ ìbora ni mò ń rán, èyí tí wọ́n ń pè ní quilt níbí. Tẹ́ ò bá tíì rí i rí, ègé aṣọ oríṣiríṣi ni wọ́n máa ń rán pọ̀ fi ṣe ojú ẹ̀, wọ́n á tẹ́ òwú pẹlẹbẹ sí àárín, wọ́n á fi odindi aṣọ ṣe ẹ̀yìn, wọ́n á wá fi ẹ̀rọ gún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ láti òkè délẹ̀ ní pátánì. Ẹ̀rọ tèmi tóbi, férémù ẹ̀ gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 12, òun nìkan ló ń gbé inú gáréèjì wa, ọdún mẹ́ta gbáko ni mo fi san owó ẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Houston yìí, ìlú quilt ni lóòótọ́, ọdọọdún ni wọ́n ń ṣe ìpàtẹ ńlá kan níbí, International Quilt Festival, èèyàn ń wọ ọkọ̀ òfuurufú wá síbẹ̀ láti ilẹ̀ òkèèrè, ibẹ̀ gan-an ni mo ti kọ́kọ́ fojú kan ẹ̀rọ yìí. Ṣùgbọ́n kọ́sítómà mi tó pọ̀ jù, Yorùbá ni, ohun tí wọ́n sì ń gbé wá fún mi jù ni aṣọ òbí wọn tó ti kú. Bùbá, ìró, gèlè, agbádá, fìlà. Wọ́n á ní kí n gé e, kí n fi ṣe ohun tí wọ́n á máa fi bora.

Mo mọ̀ pé ó máa ya ẹlòmíì lẹ́nu pé wọ́n ń gé aṣọ òkú. Ẹ wo ẹ̀kú egúngún ná, ẹ wo bí aṣọ ṣe ń gorí aṣọ lára ẹ̀, tí ìdílé ń fi kún un látìrandíran, àwa náà mọ̀ tipẹ́ pé aṣọ lè mú ẹni tó ti lọ dúró láàárín wa. Àwọn ọmọ aláwọ̀ dúdú ilẹ̀ yìí náà mọ̀ ọ́n. Ìlú kékeré kan wà ní Alabama tó ń jẹ́ Gee's Bend, lọ́dún 1942 obìnrin kan níbẹ̀, Missouri Pettway, ọkọ ẹ̀ kú, ló bá kó gbogbo aṣọ iṣẹ́ oko ọkọ ẹ̀, ó gé e, ó rán an pọ̀, ó ní òun á máa fi bora kóun lè máa rántí ẹ̀. Nítorí náà tí ẹnì kan bá gbé aṣọ ìyá ẹ̀ wá fún mi, mi ò fi ṣeré rárá. Ìdí tó sì fi ń dùn mí nìyẹn tí iṣẹ́ tó yẹ kó tu èèyàn nínú bá wá di ìjà.

Ẹ jẹ́ n sọ èyí tí mo ṣe tí kò dáa.

Ọdún mẹ́rin sẹ́yìn, ẹ̀gbọ́n kan wá bá mi láti Dallas, wọ́n gbé báàgì Gánà-mọ́sì-gó kan dání, aṣọ ìyá wọn ló kún inú ẹ̀ bámúbámú. Àkàrà ni Màmá yẹn dín tà láyé wọn, òun ni wọ́n fi tọ́ ọmọ mẹ́fà. A jókòó sí pálọ̀ mi, ẹ̀gbọ́n ń fa aṣọ yọ lọ́kọ̀ọ̀kan, èyí ni Màmá wọ̀ nígbà tí mo ṣègbéyàwó, èyí ni wọ́n wọ̀ nígbà ìkómọ àkọ́bí mi, wọ́n ń sunkún, èmi náà ń sunkún torí èmi náà ò ní ìyá mọ́. A ò sọ̀rọ̀ owó, ta ló máa sọ̀rọ̀ owó nírú ìgbà yẹn? Mi ò sì bi wọ́n pé kí ni wọ́n fẹ́ gan-an. Wọ́n ní, "Àbúrò mi, ṣáà bá mi ṣe é kó dáa." Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má ṣèyọnu, ẹ fi sílẹ̀ fún mi." Gbogbo ohun tá a bára wa sọ ò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Nínú aṣọ yẹn, ìró ànkárá kan wà, aláwọ̀ ewé àti yẹ́lò, ó ti ṣá díẹ̀, epo sì wà lára ẹ̀ níbi tó máa bọ́ sí orí itan téèyàn bá jókòó. Ó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé, àárín ẹ̀ pọ́n, etí ẹ̀ ti dúdú. Mo fọ̀ ọ́, kò lọ. Mo fi ọṣẹ míì fọ̀ ọ́, kò lọ. Mo bá gé ibẹ̀ kúrò, mo fi ibi tó mọ́ ṣe ègé tí mo fẹ́, mo rò pé iṣẹ́ tó mọ́ tónítóní ni mò ń ṣe fún wọn. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n dé wá gbé e, inú wọn dùn, wọ́n ń fọwọ́ pa á, wọ́n ń pe aṣọ kọ̀ọ̀kan lórúkọ, àfi ìgbà tí wọ́n dé orí ìró yẹn. Wọ́n wò ó. Wọ́n yí i dà, wọ́n wo ẹ̀yìn. Wọ́n ní, "Ibi tí epo wà dà?" Mo ní mo ti gé e kúrò, kò ṣeé fọ̀. Wọn ò pariwo, wọn ò bú mi, wọ́n kàn jókòó sórí kápẹ́ẹ̀tì. Wọ́n ní ìdí agbada àkàrà, ojú ibẹ̀ yẹn ni Màmá máa ń nuwọ́ sí, ojú kan náà lójoojúmọ́, nígbà táwọn sì wà lọ́mọdé ibẹ̀ làwọn máa ń gbé orí lé tí oorun bá ń kun àwọn nídìí àkàrà, ibẹ̀ gan-an ló jẹ́ káwọn gbé aṣọ náà wá láti Nàìjíríà.

Mo wọ gáréèjì lọ, mo tú àpò tí mò ń kó àjákù aṣọ sí dà sílẹ̀, àwa méjèèjì kúnlẹ̀ à ń ṣà á. Ìdajì ẹ̀ la rí. Ìdajì tó kù ti bá pàǹtírí lọ. Ọwọ́ ni mo fi rán ìdajì yẹn mọ́ igun aṣọ ìbora náà lálẹ́ ọjọ́ yẹn, mi ò jẹ́ kí ẹ̀rọ kàn án, mi ò sì gba owó iṣẹ́ mi, bí wọ́n ṣe fẹ́ san án tó, mi ò gbà á. Ẹ̀gbọ́n ò bá mi jà. Ṣùgbọ́n wọn ò padà wá mọ́, mi ò sì lè dá wọn lẹ́bi.

Ẹ̀bi mi ni. Àwọn àgbà ló ní àsọ̀rọ̀ àìlàdí ló pa Elénpe ìṣáájú tó ní igbá wúwo ju àwo, tiwa tiẹ̀ tún burú ju ti Elénpe torí a ò tiẹ̀ sọ ọ́ rárá ká tó wá máa wá ìdí ẹ̀. Ẹni tó gbé aṣọ òbí ẹ̀ wá, ohun tó wà lọ́kàn ẹ̀ ju aṣọ lọ, ó fẹ́ kí n dá nǹkan kan padà fún òun, òun nìkan ló sì mọ nǹkan yẹn, tí mi ò bá bèèrè kò ní sọ, kì í ṣe pé ó ń fi pamọ́, ó rò pé gbogbo ayé ló rí ohun tóun rí lára aṣọ náà ni.

Àwọn kan wà tí ohun tí wọ́n ń retí, aṣọ ò lè ṣe é. Àdìrẹ ẹlẹ́kọ ti ìyá àgbà tí wọ́n fi aró rẹ, ẹ ní kí n rán an mọ́ lẹ́ẹ̀sì funfun, ọjọ́ tí omi bá kọ́kọ́ kàn án lẹ máa rí aró lára funfun yẹn, mo sì gbọ́dọ̀ sọ fún yín kí n tó rán an, kì í ṣe ìgbà tẹ́ ẹ bá pè mí lórí fóònù tẹ́ ẹ ń sunkún. Mo máa ń rẹ àdìrẹ sínú omi tútù lọ́pọ̀ ìgbà kí n tó lò ó, títí omi ẹ̀ á fi mọ́, ìgbà míì ó máa ń tó ẹ̀ẹ̀mẹ́jọ, síbẹ̀ mi ò lè búra lé e lórí. Aṣọ òkè náà, sányán tàbí ẹtù, ọnà ọwọ́ ni, ó níyì, ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá ti gé e báyìí, òwú ẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í tú, èèyàn gbọ́dọ̀ lẹ gọ́ọ̀mù-sítéè, aṣọ fẹ́lẹ́ tó ní gọ́ọ̀mù tí wọ́n ń fi áyọ́ọ̀nù lẹ̀, sí ẹ̀yìn ẹ̀ kí sísọ́ọ̀sì tó kàn án, ó sì nípọn débi pé níbi tí mẹ́rin bá ti pàdé, abẹ́rẹ́ máa ń ṣẹ́. Lẹ́ẹ̀sì tó ní ihò, àfi ká tẹ́ aṣọ míì sábẹ́ ẹ̀. Gèlè tó le gbáú yẹn, téèyàn bá ní kó fi ṣe ibi tí ọmọ á máa fi ojú lé sùn, ó máa ha á lójú ni. Gbogbo èyí ni kọ́sítómà ò mọ̀, kò sì yẹ kó mọ̀ ọ́n, iṣẹ́ tèmi ni, àmọ́ ọdún àkọ́kọ́ mi, ẹ̀rù ń bà mí láti sọ ọ́, mo rò pé tí mo bá sọ ohun tí kò ṣeé ṣe wọ́n á ní mi ò mọ iṣẹ́. Mo wá rí i pé ẹni tí mo sọ fún tẹ́lẹ̀ kì í bínú. Àwọn tí mi ò sọ fún ló ń bínú.

Ó ku ọ̀rọ̀ owó, ibẹ̀ sì ni ẹjọ́ pọ̀ sí.

Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, dọ́là 250 ni mò ń gbà lórí aṣọ ìbora kan, mi ò ṣírò nǹkan kan, mo kàn rò ó pé iye táwọn èèyàn wa lè san láìbínú nìyẹn. Wọ́n ṣì ń bínú náà. Wọ́n á ní àwọn rí bùláńkẹ́ẹ̀tì ní ṣọ́ọ̀bù ní dọ́là 40. Wọ́n á ní àǹtí, ọmọ ìlú kan náà ni wá, ṣọ́ọ̀ṣì kan náà la jọ ń lọ, ẹ bá mi ṣe é ní 150, mà á mú èèyàn wá fún yín. Mo máa ń gbà. Ọjọ́ kan ni ọmọbìnrin mi jókòó tì mí pẹ̀lú bírò, ó ní mọ́mì, ẹ ka gbogbo ẹ̀ fún mi kí n kọ ọ́ sílẹ̀. A mú aṣọ ìbora kan tí ìbú ẹ̀ jẹ́ íǹṣì 60, tí òró ẹ̀ jẹ́ 75, ègé 20 ló wà lójú ẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan íǹṣì 15 lóròó lóbùú. Òwú inú ẹ̀ dọ́là 35. Aṣọ ẹ̀yìn yáàdì 5, dọ́là 50, torí ẹ̀yìn gbọ́dọ̀ fi íǹṣì 4 ju ojú lọ ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan kí férémù tó lè rí nǹkan dì mú, ìyẹn ló fi jẹ́ pé ìdá méjì la máa ń so pọ̀. Gọ́ọ̀mù-sítéè, dọ́là 20. Òwú ìránṣọ àti abẹ́rẹ́, dọ́là 5. Gbogbo ẹ̀ jẹ́ 110, ó wá ku 140. Ó ní wákàtí mélòó lẹ fi ṣe é? Mo ní fífọ̀, áyọ́ọ̀nù àti ṣíṣa aṣọ gba wákàtí 5, lílẹ gọ́ọ̀mù-sítéè àti gígé gba 8, rírán an pọ̀ gba 6, orí ẹ̀rọ gba 5, gbígbá etí ẹ̀ gba 4. Wákàtí 28. Ó fi 28 pín 140, ó kọ 5 sílẹ̀, ó fi bírò yí i po, kò sọ nǹkan kan. Dọ́là 5 ní wákàtí kan. Owó tó kéré jù tí òfin ní kí wọ́n san fún òṣìṣẹ́ ní Texas níbí, dọ́là 7 àti sẹ́ǹtì 25 ni, bó ṣe wà nìyẹn látọdún 2009. Iná mànàmáná ò sí nínú ìṣírò yẹn o, gbèsè ẹ̀rọ ò sí níbẹ̀, ẹ̀yìn tó ń dùn mí ò sí níbẹ̀. Ẹni tí mo bá sì ti ṣe é fún ní 150, tẹ́ ẹ bá yọ 110 kúrò, dọ́là 40 ló kù fún wákàtí 28.

Mi ò sùn lọ́jọ́ yẹn. Kì í ṣe pé wọ́n rẹ́ mi jẹ, èmi ni mi ò sọ iye tó jẹ́ fún wọn.

Bí mo ṣe ń gba owó báyìí nìyí, mo sì kọ ọ́ sílẹ̀ kí gbogbo èèyàn lè rí i. Iṣẹ́ orí ẹ̀rọ, bí àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ yìí ṣe ń ṣe é níbí ni mò ń ṣe é, a máa wọn ìbú, a máa wọn òró, 60 lọ́nà 75 jẹ́ 4,500, tó bá jẹ́ pátánì kan náà ló máa lọ látòkè délẹ̀, sẹ́ǹtì 3 ni mò ń gbà lórí íǹṣì kọ̀ọ̀kan, ó di dọ́là 135. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kí n fi abẹ́rẹ́ ya òdòdó yí ègé kọ̀ọ̀kan ká, tàbí kí n kọ oríkì Màmá yín sí etí ẹ̀, ìyẹn ò ṣeé fi sílẹ̀ fún ẹ̀rọ nìkan, ọwọ́ mi ló ń darí ẹ̀ ní gbogbo ìgbà, sẹ́ǹtì 8 ni, ó di 360. Ohun èlò, iye tí mo bá rà á. Iṣẹ́ ọwọ́ tó ṣẹ́ kù, dọ́là 15 ní wákàtí kan, wákàtí 23, dọ́là 345. Tẹ́ ẹ bá ro èyí tó rọrùn jù pọ̀, dọ́là 590 ni. Mo mọ̀ pé owó ńlá ni. Mo máa ń sọ fún èèyàn pé tí ọwọ́ wọn ò bá ká a, ẹ jẹ́ ká ṣe kékeré, ègé 6, tí wọ́n lè tẹ́ sórí àga tàbí kí wọ́n fi kọ́ ara ògiri, tàbí ká fi bùbá kan ṣe tìmùtìmù. Kọ́sítómà tó sọ iye tó wà lọ́wọ́ ẹ̀ fún mi, mo lè bá a wá ohun tí owó yẹn máa ṣe dáadáa. Ẹni tó ní "ẹ ṣáà ṣe é, a jọ máa rí i", mi ò mọ ibi tí mo máa bá a bẹ̀rẹ̀.

Obìnrin kan wà tí mi ò lè ṣe kí n má rántí tí wọ́n bá ń ná an mọ́ mi lórí. Harriet Powers lorúkọ ẹ̀, inú oko ẹrú ni wọ́n bí i sí ní Georgia lọ́dún 1837. Lọ́dún 1886 ó gbé aṣọ ìbora kan lọ síbi ìpàtẹ òwú ní ìlú Athens, Georgia níbẹ̀, ìtàn inú Bíbélì ló gé aṣọ lẹ̀ mọ́ aṣọ fi sọ, Ádámù àti Éfà, Kéènì tó pa Ébẹ́lì, àlá Jékọ́bù, bí wọ́n ṣe kan Jésù mọ́ àgbélébùú. Àwọn tó mọ̀ nípa ọnà sọ pé bó ṣe gé aṣọ lẹ̀ mọ́ aṣọ yẹn jọ iṣẹ́ àwọn ará Abomey ní Dàhòmì àtijọ́, tó múlé ti ilẹ̀ wa. Obìnrin òyìnbó kan tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní iṣẹ́ ọnà rí i, ó ní òun fẹ́ rà á, Harriet ní kò sí èyí tóun máa tà. Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, nǹkan le fún òun àti ọkọ ẹ̀, ó bá ránṣẹ́ sí obìnrin yẹn pé òun ṣe tán. Dọ́là 10 ló pè é. Dọ́là 5 ni wọ́n fún un, ó sì gbà á. Ó tún máa ń padà lọ wo aṣọ náà nílé ẹni tó rà á bí ẹni lọ wo ọmọ. Inú mùsíọ́ọ̀mù Smithsonian ni aṣọ yẹn wà lónìí, ní Washington. Tẹ́ ẹ bá ní kí n ṣe 590 ní 295, ẹ jọ̀ọ́, ohun tó máa ń wá sọ́kàn mi nìyẹn. Mi ò bínú sí yín, ó ń dùn mí ni.

Ti kíákíá náà wà níbẹ̀. Ìrántí ọdún kan ku ọ̀sẹ̀ méjì kí wọ́n tó gbé aṣọ wá, wọ́n á ní kí n bá àwọn ṣe é. Tí mo bá gbà á, òru ni mo máa fi ṣe é, tàbí kí n gbé ti ẹlòmíì sẹ́gbẹ̀ẹ́. Mo ń fi ìdá kan nínú mẹ́rin owó náà kún un báyìí, mo sì ń sọ ọ́ lójú ẹsẹ̀. Ọ̀pọ̀ ló máa ń wá rántí pé ìrántí ọdún kejì náà dáa.

Ohun tí mò ń ṣe kí n tó fọwọ́ kan sísọ́ọ̀sì wá ni pé mo máa ń tẹ́ gbogbo aṣọ náà sílẹ̀, mà á ya fọ́tò wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, mà á fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, mà á wá bèèrè. Kí ni ẹ ò fẹ́ kí n gé kúrò? Ìbéèrè yẹn, ìró ẹlépo yẹn ló kọ́ mi. Ẹ ò lè gbàgbọ́ ohun táwọn èèyàn máa ń dá lóhùn. Ẹnì kan ní bọ́tìnì tí bàbá òun fi òwú pupa rán mọ́ kaftán funfun, torí pé fúnra wọn ni wọ́n rán an. Ẹnì kan ní ibi tí eku ti jẹ aṣọ. Mà á tún bèèrè pé ta ló máa lò ó, ṣé orí bẹ́ẹ̀dì ni àbí ara ògiri, ṣé ẹ máa máa fọ̀ ọ́? Mà á wá kọ iye ẹ̀ sílẹ̀, ìlà kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú owó ẹ̀, ọjọ́ tó máa jáde, ìdajì lẹ máa san sílẹ̀, ẹ máa dáhùn lórí fóònù pé ẹ ti kà á, ẹ sì gbà. Tẹ́ ẹ bá wá fi nǹkan kún un lẹ́yìn ìyẹn, ìwé tuntun la máa kọ. Ọmọ Yorùbá kan bínú sí mi lórí èyí, ó ní ṣé òun jọ olè ni. Mo ní rárá o, èmi ló máa ń gbàgbé ohun tá a sọ, kí n má bàa ṣẹ̀ yín ni.

Ìbéèrè tó kẹ́yìn, àwa Yorùbá nìkan ni mo máa ń bi í: àwọn ọmọ Màmá tó kù, ṣé wọ́n mọ̀? Lọ́dún méjì sẹ́yìn, aago mẹ́ta òru ni fóònù mi dún, láti Ìjẹ̀bú Òde ni. Obìnrin náà ò kí mi, ó ní, "Ṣé ìwọ lò ń gé aṣọ ìyá wa?" Àbúrò wọn tó wà níbí ló kó aṣọ náà nígbà tó lọ sìnkú, wọn ò tíì pín ẹrù Màmá nígbà yẹn, àlàárì tó sì wà nínú ẹ̀, ẹ̀gbọ́n àgbà ni Màmá ti sọ pé ó máa jogún ẹ̀. Ègé mẹ́ta ni mo ti gé lára ẹ̀. Mo bẹ̀bẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ohùn mi há. Wọ́n gbọ́, Ọlọ́run ṣe é, wọ́n ní kí n fi èyí tó kù ránṣẹ́ padà bó ṣe wà, mo sì fi ránṣẹ́, owó ìfiránṣẹ́ yẹn, àpò mi ló ti jáde. Mi ò gba owó lọ́wọ́ àbúrò, òun náà ò sì rí aṣọ ìbora gbà.

Ẹ̀yin téèlọ̀ àti aránṣọ tẹ́ ẹ wà nílé, mo ń rí iṣẹ́ yín lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń fi àjákù ànkárá ṣe aṣọ bẹ́ẹ̀dì, tí àwọn kan nínú yín ti ń gba aṣọ òkú rán báyìí. Iṣẹ́ yín mọ́ ju tèmi lọ, ọ̀pọ̀ nínú yín. Mo bẹ̀ yín, ẹ má jẹ́ kí ojú máa tì yín láti sọ owó, ẹ má pe iye tí ẹ mọ̀ pé kò ní tó, kẹ́ ẹ wá máa bínú sí kọ́sítómà lábẹ́lẹ̀, kẹ́ ẹ máa ṣe iṣẹ́ ẹ̀ kẹ́yìn, kẹ́ ẹ máa sọ fún un pé ọ̀la, ọ̀la. Ibi tí ìwà "téèlọ̀ èké" tí wọ́n ń fi bú wa ti ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, mo mọ̀ torí mo ti ṣe é rí. Ẹ̀yin kọ́sítómà náà, ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á, ẹ̀yin náà lẹ̀ ń sọ bẹ́ẹ̀ nídìí oúnjẹ. Ẹ bi wá léèrè bá a ṣe ṣírò ẹ̀, a máa ṣàlàyé. Ẹ sọ iye tó wà lọ́wọ́ yín. Ẹ sọ ibi tí epo wà.

Bí mo ṣe ń kọ lẹ́tà yìí, báàgì kan wà lórí ṣẹ́ẹ̀fù mi ní gáréèjì, ọ̀dọ́kùnrin kan ní Maryland ló fi ránṣẹ́, aṣọ bàbá ẹ̀ tó jẹ́ dẹ́rẹ́bà ní Abẹ́òkúta ni, agbádá méjì, dàńṣíkí mẹ́rin, fìlà kan tí òógùn ti mú etí ẹ̀ yí padà. Ó ti san ìdajì, ó ti ní mi ò gbọ́dọ̀ fọ fìlà yẹn. Ó ku kí àwọn ẹ̀gbọ́n ẹ̀ mẹ́ta dáhùn, méjì ti ní kò burú, ẹnì kẹta ò tíì gbé fóònù. Ọ̀sẹ̀ kẹta rèé. Mi ò tíì tú u.

Èmi ni tiyín,
Aránṣọ ìbora kan ní Houston, Texas.